Òpó Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nìkan Kọ́ Ló Lẹ́bi

Sí Olóòtú,

Bí ìpè bá ti já ní Ìkòròdú níbí, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì la máa ń dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n fóònù náà lè jẹ̀bi. Ìgbì 4G tó fẹ̀ tó 20 MHz pín sí okùn tín-ín-rín 1,200, ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbà wọ inú fóònù; bí fóònù bá gbé agbára wọn ga jù, gbogbo wọn ni yóò dàrú pọ̀, bó bá sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù, ariwo yóò bò wọ́n mọ́lẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú omi láti Ìpákòdò, mo rí i tí òǹkà agbára ìgbì já láti -75 sí -110 dBm (ìwọ̀n tó jẹ́ pé bó bá fi 10 lọ sílẹ̀, agbára ti dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá), ìyàtọ̀ tó ju ìlọ́po 3,000 lọ! Kí òǹkà náà tó lè jóòótọ́, fóònù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ agbára tí òun fúnra rẹ̀ fi kún un kúrò. Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń tún fóònù ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ yín.

Òǹkàwé yín,
Ìkòròdú