Ọ̀gá Tó Ń Tijú Láti Bèèrè

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn ọjọ́ pẹ́. Bí a bá ń ṣàròyé pé àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ kọ́ṣẹ́ mọ́, orí ọmọ nìkan là ń di gbogbo ẹrù náà lé. A kì í bi ara wa léèrè irú ọkàn tí ọ̀gá fi jókòó sórí àga rẹ̀. Mẹkáníìkì ni mí ní Àkúrẹ́, iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni n ó sì fi ṣàlàyé.

Ọkọ̀ oníkabúrétọ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ mi fi dàgbà, kò sì sẹ́ni tó lè bá a du ú. Kabúrétọ̀ ni ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ la sì fi ń tún un ṣe. Á tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́, á ní kí n yí skúrù kékeré kan díẹ̀, ohùn ọkọ̀ á sì balẹ̀ wọ̀ọ̀. Nígbà tí tòkunbọ̀ tí kò ní kabúrétọ̀ wá pọ̀, èyí tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ló ń pinnu ìwọ̀n epo tí ẹ́ńjìnnì yóò mu, etí nìkan kò tó mọ́. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan ní Amẹ́ríkà pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ojú kan náà tí a ó ti ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ̀ ọ́, kó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún. Ọ̀kan nínú àwa ọmọ iṣẹ́ dábàá pé kí a yá ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá wa wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún dábàá ohunkóhun. Ọkọ̀ kan jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí a ń pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́, tí gbogbo wa sì ń ṣe bí ẹni pé a mọ ohun tí à ń ṣe. Bí a ti ń fi àìmọ̀ pamọ́ ni mo kọ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn.

Ọ̀gá mi kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òǹrorò. Ohun tó gbà lọ́kàn ni pé ọ̀gá ni ẹni tó ti kọ́ iṣẹ́ tán, bó bá sì bèèrè lọ́wọ́ ọmọ, iyì ti bọ́ nìyẹn. A ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ òwe náà kì í sábà dé ṣọ́ọ̀bù.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti rí irú ọkàn mìíràn rí. Kí Olóyè Michael Adékúnlé Ajáṣin tó di gómìnà ní 1979, ọ̀gá ilé ìwé Imade College l'Ọ́wọ̀ ló ti jẹ́, òun ló sì kọ àbá tí ẹgbẹ́ Action Group gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 lé. Lójú tèmi, ẹni tó bá ti gbà pé ọmọ àgbẹ̀ lè mọ̀wé bí ọmọ ọba nìkan ló lè kọ irú rẹ̀.

Àrùn ọ̀gá mi ràn mí, mo jẹ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ fi fídíò ọkọ̀ tó ń lo bátìrì pọ̀ mọ́ epo hàn mí lórí fóònù. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi" ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀ pé ohùn bàbá náà ni mò ń gbọ́. Mo pè é padà. Ó nira, n kò ní parọ́. Láti ìgbà náà, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, orí táyà la máa ń jókòó sí: òun á máa ṣàlàyé, èmi á máa bèèrè, àwọn tí kì í la ẹnu tẹ́lẹ̀ sì ti ń bá wa jiyàn.

Mo wá ń bẹ àwọn olórí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó pé bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá tún wà, kí wọ́n má rán ọmọ iṣẹ́ nìkan lọ. Kí ọ̀gá náà lọ jókòó, kó mú bíírò lọ́wọ́, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì rí i níbẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Mẹkáníìkì kan ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́