Lẹ́tà sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jogún àwo jáàsì

Ọmọ mi,

Mo gbọ́ pé àpótí àwo bàbá àgbà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Bódìjà, àti pé ara ti ń yá ọ láti gbọ́ wọn. Jọ̀ọ́, má tíì gbé ọ̀kankan lé rẹ́díógíràmù tó wà ní pálọ̀ yẹn. Ó máa dún o, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ tó gbé abẹ́rẹ́ wúwo. Ọ̀pọ̀ séńjà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ àwo fúnra rẹ̀, tó wà nínú rẹ́díógíràmù ayé ọjọ́un ń fi gíráàmù 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ abẹ́rẹ́ mọ́ àwo, nígbà tí ẹ̀rọ tó dáa kì í sábà ju gíráàmù 2 lọ. Ta ló tiẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ abẹ́rẹ́ ọ̀hún gbẹ̀yìn? Abẹ́rẹ́ tó ti jẹ máa ń fá ìlà àwo ni, ohùn tó bá sì ti bá a lọ, ó lọ nìyẹn. Kàkàkí á máa ha létí níbi tó bá ti ròkè, kò sí fífọ̀ tó lè wò ó sàn.

Ẹ̀rọ tí a fi ń lu àwo ni kí o kọ́kọ́ náwó lé. Má ra àwo kún àwo báyìí.

Tí o bá dé Ògùnpa tàbí Dùgbẹ̀, tí wọ́n fi tòkunbọ̀ kan hàn ọ́, yí i padà kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí o tó ná an. Bí wọ́n bá kọ 120V, 60Hz síbẹ̀ (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ẹni tó ń tà á á ní kí o ra step-down, ẹ̀rọ tó ń dín fólítì kù, sí i, pé wàhálà ti tán. Kò purọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Step-down á sọ 230V di 120V. Kò lè sọ 50Hz tiwa di 60Hz. Bí mọ́tò inú rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tó ń tẹ̀lé Hz iná, ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà eré tó yẹ kó sá ló máa sá. LP tó yẹ kó yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan á máa yí bíi 28. Orin tí wọ́n kọ ní B-flat á wálẹ̀ sí G, ojú àwo tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú 20 á gba 24, John Coltrane, àgbà nínú jáàsì, á sì máa fọn sax bí ẹni tí oorun ń kùn. Ẹni tí kò gbọ́ àwo náà rí lè rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe jáàsì nìyẹn.

Bí wàá ṣe dán an wò kò le. Fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sí etí irin pẹrẹsẹ tó ń yí lábẹ́ àwo. Gbé àwo kan tí o kò kà sí lé e, jẹ́ kí abẹ́rẹ́ wà lórí rẹ̀ kó máa dún, torí abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń fa eré sẹ́yìn díẹ̀. Wá fi aago fóònù ka yíyí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3. Ọgọ́rùn-ún géérégé ló yẹ kó jẹ́. Bí o bá ka 83, mọ́tò Amẹ́ríkà ló ń jẹ iná Nàìjíríà. Bí o bá ka 97 tàbí 98, ó ṣeé ṣe kí bẹ́líìtì ti rọ̀ tàbí kí òróró ti gbẹ nídìí rẹ̀. Ìyẹn kò tó ohun tí à ń sá fún.

Ti 83 náà ní àtúnṣe. Púlì tó wà lórí mọ́tò, tí bẹ́líìtì ń gba ara rẹ̀ kọjá, ló gbọ́dọ̀ fẹ̀ sí i ní ìlọ́po 1.2: bó bá jẹ́ mílímítà 10, kí ó di 12. Àwọn tó ń fi lathe gé irin lè gé e, ṣùgbọ́n dúró tì wọ́n. Bí ihò àárín rẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀, ohùn dùùrù tó gùn á máa gbọ̀n lemọ́lemọ́. Èmi ò bá kúkú ní kí o wá ẹ̀rọ tí mọ́tò rẹ̀ jẹ́ DC, tàbí èyí tó ní quartz, òkúta kékeré tó ń tọ́ eré mọ́tò sọ́nà, bíi Technics SL-1200MK2 tó jáde ní 1979. Hz iná kò kan ìwọ̀nyẹn. Fólítì nìkan ni wàá bá wọn yanjú.

Jẹnẹrétọ̀ tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ máa yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kí iná wọn tó jẹ́ 50Hz. Fíríìjì á tan lójijì, ẹ́ńjìnnì á rẹ̀wẹ̀sì, mọ́tò tó ń tẹ̀lé Hz á sì rẹ̀wẹ̀sì pẹ̀lú rẹ̀. O máa gbọ́ ọ kedere nínú orin tí kò yára. Bó bá jẹ́ ínfátà, pure sine wave, èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere, ni kí o béèrè. Èyí tó pọ́ọ́kú máa ń jẹ́ kí ampilifáyà kùn.

Ohun kan rèé o: má fi ojú kìíní *Kind of Blue* ti Miles Davis, afunkàkàkí jáàsì, wọn eré ẹ̀rọ, bí àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ bá jẹ́ ti àtijọ́. Ní March 1959 tí wọ́n gba orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ojú yẹn sílẹ̀, ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ilé iṣẹ́ Columbia tó ṣe àwo náà ń falẹ̀ díẹ̀, nítorí náà bí wọ́n bá lu àwo náà ní eré tó tọ́, ohùn rẹ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ọdún 1990 ni àtúnṣe rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bí o bá fi dùùrù bá a lọ, tí kò bá ara mu, má bú ẹ̀rọ rẹ.

Ní ti apá ẹ̀rọ, fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì àwọn bíríkìlà wò ó bóyá tábìlì tẹ́jú. Yí òṣùwọ̀n ẹ̀yìn apá títí apá náà á fi léfòó fúnra rẹ̀, fi nọ́ńbà sí 0, kí o wá yí i dé iye tí ẹni tó ṣe abẹ́rẹ́ kọ: gíráàmù 1.8 ni ti Ortofon 2M Red, gíráàmù 2.0 ni ti Audio-Technica AT-VM95E. Fi irú ìwọ̀n kékeré tí àwọn oníwúrà ń lò yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí nọ́ńbà ara apá tòkunbọ̀ máa ń tanni jẹ. Má sì rò pé bó bá ti fúyẹ́ sí ló dáa sí. Abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ jù máa ń fò kiri nínú ìlà, fífò yẹn gan-an ń ba àwo jẹ́. Bí orin tó kẹ́yìn ní ojú kọ̀ọ̀kan bá ń ha ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, wo bí o ṣe de orí abẹ́rẹ́. Ní etí àwo, ìlà ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítòsí lébẹ́ẹ̀lì, kò ju bíi 20 lọ, ibẹ̀ ni dídè tí kò tọ́ ti ń hàn. Ihò Phono, tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ àwo lára ampilifáyà, ni kí o ki wáyà rẹ̀ sí, kì í ṣe AUX, kí o sì de wáyà ilẹ̀ mọ́ ara ampilifáyà. Láìsí Phono, ohùn á tín-ín-rín, báàsì á pòórá. Láìsí wáyà ilẹ̀, á máa hùn.

Fífọ̀ ló kù. Omi kànga àti píọ́ wọ́tà máa ń fi ohun funfun sílẹ̀ nínú ìlà bí wọ́n bá gbẹ. Omi bátìrì lo máa rà, ṣùgbọ́n ka ara ike náà lẹ́ẹ̀mejì, torí ásíìdì bátìrì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ike tó jọ ọ́. Lítà kan, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta, aṣọ tó rọ̀. Nù ún yípo bí ìlà ṣe lọ, má nù ún ní ìdábùú, má jẹ́ kí omi kan lébẹ́ẹ̀lì. Fi omi bátìrì lásán ṣàn án, kí o fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró síbi tí a ń gbẹ abọ́ sí, níbi tí oòrùn kò dé. Kẹrosíìnì máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀ tí eruku á lẹ̀ mọ́. Bí o bá rí àwo tó wúwo, tó ń yí ní 78, spírítì kò gbọ́dọ̀ kàn án, torí shellac, oje kan tó ń le, ni wọ́n fi ṣe é, ó sì máa ń yòrò nínú ọtí. Ògógóró náà wà lára ọtí, kó o má baà bi mí. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ tún yàtọ̀, ti LP kéré jù fún un.

Gbé gbogbo wọn dúró, má tò wọ́n lé ara wọn. Yàrá tí páànù wà lórí rẹ̀ láìsí sílìn kò dáa fún wọn, ọkọ̀ tí o páàkì sóòrùn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan máa ń há àwo tó ti wọ́ sáàárín gíláàsì méjì kí wọ́n sá a sóòrùn. Kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún oòrùn Ìbàdàn, ìlà àwo á yọ́ kó tó tẹ́jú. Àwo 100 pẹ̀lú páálí rẹ̀ ń lọ sí kílò 25, nítorí náà pákó tó nípọn ni kí kápẹ́ńtà lò, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga nílẹ̀ nítorí ikán, kó má fara ti ògiri nígbà òjò.

Kí ẹnikẹ́ni tó wá fi owó kan ra àpótí náà lápapọ̀, tú u wò. Wá *African High Life* ti Solomon Ilori, onílù ọmọ Nàìjíríà, tí Blue Note, ilé iṣẹ́ àwo jáàsì ní Amẹ́ríkà, gbà sílẹ̀ ní 1963, nọ́ńbà 4136. Yorùbá ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ nínú orin rẹ̀. Wá *The African Beat* ti Art Blakey, onílù jáàsì, náà, 4097, Ilori wà nínú ìyẹn pẹ̀lú. Gbé àwo sábẹ́ iná, kí o wo ibi dídán tí kò sí orin láàárín ìlà ìkẹyìn àti lébẹ́ẹ̀lì. Bí o bá rí RVG tàbí VAN GELDER, ìyẹn orúkọ Rudy Van Gelder tó ń gba ohùn sílẹ̀ fún Blue Note, àti àmì kékeré kan tó jọ etí ènìyàn, ilé iṣẹ́ Plastylite ló tẹ̀ ẹ́, kó tó di pé Blue Note bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì láàárín àwọn ọdún 1960. Yọ irú wọn sọ́tọ̀, má sì sọ iye kankan fún ẹnikẹ́ni títí màá fi dé.

Èmi ni,
àbúrò bàbá rẹ, ní Mọ́kọ́lá.