Ìwàlẹwà ti gbádùn

Ìjẹ̀bú-Òde,
Oṣù kẹta.

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù o, ìwọ àti àwọn ọmọ. Ìwàlẹwà, ajá rẹ, ń bẹ láàyè. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí àyà rẹ má baà já níbi tó kù.

Sátidé tó kọjá ni mo fa Ìwàlẹwà dání lọ sọ́jà Òkè-Àje. Aago mọ́kànlá ò tíì lù, gàrí àti ewùrà ìkókorẹ́ péré ni mo fẹ́ rà. Kí n tó ná gàrí tán, ó ti tẹ́ ikùn sílẹ̀, ó ń hanrun lójú ayé. Itọ́ ń fà lẹ́nu rẹ̀ bí ilá, ahọ́n rẹ̀ sì ti ń wọ àwọ̀ aró. Mo figbe ta! Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́jọ la já sí i níkùn àti nítan, onígàrí ń fi páálí fẹ́ ẹ. Ìgbà tó gbórí sókè ni mo tó pe kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Dókítà wọn ooru ara rẹ̀, ó ṣì jẹ́ 40.3°C. Ti ajá kì í sábà ju 39 àti díẹ̀ lọ. Ó ní ajá kì í làágùn bíi tiwa, àfi díẹ̀ látẹ́lẹsẹ̀. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀. Irú ajá onímú pẹlẹbẹ bíi tìrẹ yìí, àwọn tó ń sìn ín ló ń ṣa èyí tímú rẹ̀ kúrú jù bí láti ìran dé ìran, ṣùgbọ́n ẹran inú ọ̀fun ò bá imú kúrú. Gbogbo rẹ̀ há síbẹ̀. Bó ṣe ń mí kíkankíkan ni ọ̀fun ń wú, ara á tún gbóná sí i. Èmi tí mo máa ń sọ pé ilẹ̀kùn ló gbá a lójú, ẹ̀rín ò wá mọ́.

Ìwọ náà lo ní kí n máa mú un rìn kó má sanra o! Aago mẹ́fà àárọ̀ la ń jáde báyìí, okùn àyà la sì fi ń fà á, kì í ṣe tọrùn. Dòdò tí Màmá ń jù sí i ti dópin. Màmá ń bínú.

Ti bàálù tí o ní kí n fi gbé e ránṣẹ́ sí ọ, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú kì í gba ajá onímú pẹlẹbẹ síbi ẹrù, nítorí èémí yìí náà ni. Wá wò ó fúnra rẹ nígbà Ojúde Ọba, òjò á ti dé. Owó dókítà àti ti píọ̀ wọ́tà, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ dè ọ́.

Èmi ni,
Fọlákẹ́