Àjàní, jọ̀ọ́, má tíì san owó oògùn yẹn

Àjàní ọmọ mi,

Mo ti wo fídíò tó o fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ti ń ta oògùn tí wọ́n ní á jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ hù padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó. Àbúrò ẹ ti sọ fún mi pé o ti ń tọ́jú owó ẹ̀, má bínú sí i, ẹ̀rù ló ń bà á. Jọ̀ọ́, má san án.

Mi ò bá ẹ wí o. Mo mọ ibi tí ìrètí yẹn ti wá. O ò ju ọmọ ọdún 4 lọ nígbà tí ilẹ̀kùn gé orí ìka ẹ, mo sunkún títí, nọ́ọ̀sì kàn wé e ni, ó ní ká máa wò ó, ìgbà tó yá ẹran yọ, èékánná yọ, lónìí mi ò mọ ìka wo ni mọ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ fáwọn ọmọdé lóòótọ́, àmọ́ orí ìka nìkan ni, ìdí èékánná sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù, torí ibẹ̀ làwọn sẹ́ẹ̀lì tó mọ iṣẹ́ yẹn wà. Orúnkún ò ní irú ẹ̀.

Ẹranko inú fídíò yẹn, axolotl ni wọ́n ń pè é, omi Mẹ́síkò ló ti wá, òun máa ń hu ẹsẹ̀ tuntun tòun teegun tòun tìka. Tí wọ́n bá gé e, awọ fẹ́lẹ́ á ti bo egbò náà kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì abẹ́ ẹ̀ á padà sí ìṣe ọmọdé, bíi ìgbà tó ṣì wà nínú ẹyin, wọ́n á wá ṣù jọ bíi kókó kékeré kan, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ á ti yọ. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n mọ ibi tí wọ́n wà: tó bá jẹ́ ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ti gé e, ọwọ́ nìkan ló máa hù, tó bá jẹ́ èjìká, gbogbo apá ni. Ọmọńlé ara ògiri ò tó bẹ́ẹ̀, ìrù ẹ̀ tó hù padà, eegun rírọ̀ bíi ti etí wa ló máa ń wà nínú ẹ̀.

Tiwa, ara ò ní sùúrù. Ẹ̀jẹ̀ á dì, àpá á dí ojú egbò pa, kókó yẹn ò ní ráyè ṣù. Mo rí iye ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ gé, Àjàní. Àpá tí o ò fẹ́ wò yẹn, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí mo bá ti rí i.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ò sùn o. Lọ́dún 2022, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi oògùn 5 sínú ìdérí kan, wọ́n fi dé ojú egbò ẹsẹ̀ àkèré fún wákàtí 24 péré, wọ́n wá ń wò ó fún oṣù 18. Ẹsẹ̀ hù, àmọ́ àwọn ìka ẹ̀ ò léegun. Àkèré ṣì nìyẹn o, ẹnì kankan ò tíì ṣe é féèyàn.

Owó yẹn, jẹ́ ká fi tún ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ẹ ṣe. Ibi tó ṣẹ́ kù lára ẹsẹ̀ ẹ ti fọn sí i, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dún àkọ́kọ́ nìyẹn, ìdí tó fi ń yọ̀ tó sì ń bó ẹ lára nìyẹn, kì í ṣe pé o ò mọ̀ ọ́n wọ̀. Mo máa bá ẹ lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdé. Mú ìbọ̀sẹ̀ tó o máa ń wọ̀ sábẹ́ ẹ̀ dání, wọ́n máa fẹ́ rí i.

Màmá ẹ