Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ wà lára oògùn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bàbá ẹ sọ fún mi pé wọ́n ti gbé ẹ lọ sí kílíníìkì àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn. Inú mi dùn gan-an, mo sì ti gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ sọ lórí fóònù torí ó gùn díẹ̀, mo sì fẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹ kó o lè máa padà kà á, torí náà wá ibi jókòó sí.

O mọ̀ pé mo ti ṣe iṣẹ́ fisíò, ìtọ́jú iṣan àti oríkèé ara, fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìwọ tó di dókítà. Tó o bá fẹ́ kọ oògùn fún èèyàn, o máa wo ìwọ̀n ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, o máa béèrè bóyá ó ní nǹkan tó ń bá a jà. Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó o ṣe náà nìyẹn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó o bá máa sọ fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, torí ọ̀rọ̀ yẹn máa wọ ara ẹ̀ lọ, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀ ju oògùn lọ.

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n darí sí mi nígbà kan, ó ti ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún. Kó tó jókòó, ó kọ́kọ́ fọwọ́ di tábìlì mú, ó sé èémí, ó wá rọra sọ ìdí kalẹ̀ sétí àga, ẹ̀yìn ẹ̀ dúró gbọọrọ, kò tẹ̀ síbì kankan. Báírò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ mú un o, ṣe ló kúnlẹ̀ tó ń fọwọ́ wá a nílẹ̀ láì tẹ orí ba. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ní kẹ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀? Ó ní dókítà kan ló wo fíìmù òun tó ní "ọ̀pá ẹ̀yìn yín ti gbó, tẹ́ ẹ bá lọ ṣi ara gbé lọ́jọ́ kan ó lè rọ yín lápá rọ yín lẹ́sẹ̀." Kò sí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bóyá dókítà yẹn ò tiẹ̀ rántí pé òun sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ò gbé ọmọ ẹ̀ tó kéré jù mọ́ látọjọ́ náà, kò gbé nǹkan kan lọ́fíìsì, tó bá fẹ́ yí lórí bẹ́ẹ̀dì á kọ́kọ́ ronú sí i.

Mo tẹ iṣan ẹ̀yìn ẹ̀, ó le koko. Ìgbà téèyàn bá ń ki iṣan mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ torí ìbẹ̀rù, ṣé kò ní rẹ iṣan náà ni? Tó bá rẹ̀ ẹ́ á dùn, tó bá dùn èèyàn ò ní fẹ́ lo ara, tí ò bá lo ara á di aláìlágbára, nǹkan kékeré ló sì máa máa dùn ún lẹ́yìn ìyẹn, ìrora kọ̀ọ̀kan tó bá sì dé, lójú ẹ̀, ẹ̀rí ni pé òótọ́ lohun tí dókítà sọ. Mo wá ka àbájáde MRI ẹ̀ fúnra mi, ìyẹn fọ́tò inú ẹ̀yìn tí wọ́n yà fún un. Dísìkì kan, ìyẹn tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, ló gbẹ díẹ̀, tó yọ síta díẹ̀, kò sí iṣan ìmọ̀lára kankan tó há. Fún ẹni ọjọ́ orí ẹ̀, kò sí nǹkan abàmì kankan níbẹ̀.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kó o dúró sí dáadáa. Ní 2015 àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí 33 jọ, èèyàn 3,110 ló wà nínú ẹ̀, gbogbo wọn ni ẹ̀yìn ò dùn rárá, wọ́n kàn ya fọ́tò inú ẹ̀yìn wọn ni. Dísìkì tó ti ń gbó wà lára ìdá 37 nínú 100 àwọn ẹni ọdún 20, nígbà tí wọ́n fi máa dé ọdún 50 ó ti di 80 nínú 100, àwọn ẹni ọdún 80 sì jẹ́ 96. Dísìkì tó yọ síta náà, 30 nínú 100 àwọn ọmọ ogún ọdún ló ní in! Àwọn èèyàn tí nǹkan kan ò ṣe o. Ewú inú ara ni, mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ọ̀pọ̀ á sì rẹ́rìn-ín músẹ́, èjìká wọn á wálẹ̀. Tí àbájáde bá dé ọwọ́ ẹ, má jẹ́ kí aláìsàn dá a kà lórí fóònù ẹ̀ nílé lálẹ́, torí àwọn ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ń dẹ́rù bani. Jẹ́ kẹ́ ẹ jọ kà á, kó o sì sọ fún un èwo ló wọ́pọ̀ nínú ọjọ́ orí ẹ̀.

Àwọn kan wádìí èyí ní New Zealand ní 2013, wọ́n bá èèyàn 23 tí ẹ̀yìn ń dùn sọ̀rọ̀, wọ́n rí i pé ohun tí àwọn oníṣègùn sọ máa ń wà lọ́kàn wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́ ẹ̀yìn wọn ń fi gbogbo ọjọ́ ṣọ́ ọ lóòótọ́, tí ẹ̀yìn bá sì tún dùn wọ́n wọ́n á máa dá ara wọn lẹ́bi pé àwọn ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìtùnú náà pẹ́ lọ́kàn bẹ́ẹ̀, èyí ló ń fún mi láyọ̀ jù nínú gbogbo ẹ̀.

Ìwádìí kan tún wà tí kì í ṣe ti ẹ̀yìn dídùn gan-an, ti àwọn aboyún tó fẹ́ bímọ tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ sẹ́yìn kí ìrora má bàa pọ̀ ni, 2010. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé "ẹ máa rí i bíi pé oyin ńlá ta yín, ibí yìí ló le jù," wọ́n sọ fún àwọn yòókù pé "a fẹ́ fún yín ní oògùn tó máa jẹ́ kí ibẹ̀ kú, ara á sì tù yín." Abẹ́rẹ́ kan náà ni, àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ oyin ló sọ pé ó dun àwọn jù. Fabrizio Benedetti àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Ítálì sì ti fi hàn pé tí èèyàn bá ń retí ìrora pẹ̀lú ìbẹ̀rù, kẹ́míkà kan wà nínú ara tó ń dá kún ìrora náà ní tòótọ́, oògùn sì lè dí kẹ́míkà yẹn lọ́wọ́. Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ẹ pé orí aláìsàn ló ń ṣe é, má gbà, ara ẹ̀ ló ń dùn ún.

Mi ò sọ pé kó o purọ́ fún wọn o. Ní Lisbon, ní 2016, wọ́n fún àwọn tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́ ní hóró tó dà bí oògùn àmọ́ tí kò ní oògùn kankan nínú, wọ́n sọ fún wọn gbangba pé kò sí nǹkan níbẹ̀, wọ́n sì ṣàlàyé bí ara ṣe ń dáhùn sí ìtọ́jú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìrora wọn dínkù ju ti àwọn tó kàn ń bá ìtọ́jú tẹ́lẹ̀ lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì ṣiṣẹ́.

Má sì rò pé tó o bá ti jókòó fi wákàtí méjì ṣàlàyé gbogbo nǹkan, ìrora á lọ. Wọ́n dán ìyẹn wò ní Ọsirélíà, èsì ẹ̀ jáde ní 2019, wákàtí méjì àlàyé fún àwọn tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn, wọ́n fi wé àwọn tí ẹnì kan kàn jókòó tì tó ń fetí sí wọn láì fún wọn nímọ̀ràn kankan. Ní oṣù mẹ́ta, ìrora wọn ò yàtọ̀ síra. Ohun tí èmi rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kó o dín ìwàásù kù, kó o fetí sílẹ̀, kó o sì ṣọ́ ọ̀rọ̀ bíi méjì mẹ́ta tó máa bá wọn dé ilé.

Kó o tó tu ẹnikẹ́ni nínú, yẹ̀ ẹ́ wò ná. Fọwọ́ kàn án. Bi í léèrè bóyá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ́ lára ẹ̀ láìmọ̀, àbí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, bóyá abẹ́ ẹ̀ ti kú tipiri, bóyá ẹsẹ̀ ń rọ, ibà, bóyá ó ń rù láìnídìí, bóyá ó ti ní jẹjẹrẹ rí, bóyá ó ṣubú láti òkè. Tó o bá rí ọ̀kan nínú wọn, sáré ṣe ohun tó yẹ, ìtọ̀ àti abẹ́ tó kú yẹn kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la. Ìtùnú láìyẹ ara wò, àìbìkítà ni, aláìsàn sì máa ń mọ̀.

Tí kò bá sí ìkankan, wá sọ ọ́ kó ṣe kedere. Má sọ pé "dísìkì yín ti yẹ̀," dísìkì kì í yẹ̀ kúrò níbi tó wà, kódà èyí tó yọ síta díẹ̀. Má sọ pé "ẹ lọ sùn," ní Finland láti 1995 ni wọ́n ti rí i pé àwọn tó ń bá ìṣe wọn lọ níwọ̀n bí ìrora ṣe gbà wọ́n láàyè tètè gbádùn ju àwọn tó dùbúlẹ̀. Sọ pé "mo ti yẹ̀ yín wò dáadáa, mi ò rí nǹkan tó léwu, ẹ̀yìn yín lágbára, ó lè dùn díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń rìn, kì í ṣe pé ó ń bàjẹ́." Ohun tí mo sọ fún ọkùnrin yẹn nìyí, mo ní kó jókòó, kó máa mí jáde, kó fọwọ́ yọ̀ wálẹ̀ lójúgun. Ó dé orúnkún, ó dúró, ó wojú mi. Mo ní ẹ máa bọ̀ sà. Ọwọ́ ẹ̀ kan bàtà ẹ̀, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i fúnra ẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló gbádùn o, ó gba oṣù, ìrora ṣì ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń gbé ọmọ ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kó o máa ṣe fún gbogbo wọn: kí wọ́n tó jáde, bi wọ́n pé "tẹ́ ẹ bá délé tí wọ́n bi yín pé kí ni dókítà wí, kí lẹ máa sọ?" Ó máa yà ẹ́ lẹ́nu. O lè ti sọ pé nǹkan kan ò ṣe wọ́n, kó jẹ́ pé "gbó" nìkan ni wọ́n gbọ́. Àyè ṣì wà láti tún un sọ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Tó o bá ń wálé, kọ díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n dáhùn sínú ìwé wá fún mi, yọ orúkọ wọn kúrò, mo fẹ́ ká jọ wò ó. Bàbá ẹ ní kó o máa jẹun lásìkò. Ó dàárọ̀ o.

Èmi ni,
Ìyá ẹ