Ẹ Béèrè Lọ́yà: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Wa Tó Wà ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú àjò o. Ọdún 31 ni mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn tí àánú wọn máa ń ṣe mí jù ni àwọn tí ẹnu wọn dùn, tí wọ́n ní àwọn ò nílò lọ́yà. Ẹjọ́ tí mo máa ń fi bá wọn wí, ìlú tí ẹ wà yẹn ló ti ṣẹlẹ̀.

Ní 1961, ní Panama City, ìpínlẹ̀ Florida, wọ́n fọ́ ilé kan tí wọ́n ti ń ta bíà, tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì. Ṣẹ́ńjì àti ọtí díẹ̀ ni wọ́n kó. Ọlọ́pàá mú Clarence Earl Gideon, tálákà alárìnkiri tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Ó ní kí adájọ́ fún òun ní lọ́yà, torí òun ò lówó. Adájọ́ ní kí ó má bínú, òfin Florida ò gbà á àfi tó bá jẹ́ ẹjọ́ tó lè já sí ikú. Gideon fèsì pé Kóòtù Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà ní ẹ̀tọ́ òun ni. Ó ṣì í o! Nínú ẹjọ́ Betts ní 1942, kóòtù yẹn kan náà ti ní kò pọn dandan. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ síta, akọ̀wé kóòtù sì kọ ọ́ sílẹ̀. (Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ wa yangàn díẹ̀.)

Ló bá ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ló gbà. Kóòtù tó ga jù ní Florida lé e padà. Ó bá mú pẹ́ńsù lẹ́wọ̀n, ó kọ̀wé sí Kóòtù Gíga Jù Lọ ní Washington ní 1962. Ní March 18, 1963, gbogbo àwọn adájọ́ 9 fohùn ṣọ̀kan pé ìjọba gbọ́dọ̀ fún tálákà ní lọ́yà nínú ẹjọ́ ọ̀daràn tó wúwo. Wọ́n da ti 1942 nù.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni àtúngbọ́ ẹjọ́ náà, ní August ọdún yẹn. Awakọ̀ takisí kan jẹ́rìí pé Gideon ní kí òun má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun gbé e lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Olè pọ́ńbélé, àbí? Fred Turner, lọ́yà rẹ̀, bi awakọ̀ bóyá Gideon ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Awakọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, wàhálà Gideon pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ló fà á! Kò pẹ́ púpọ̀ ju wákàtí kan lọ tí ìgbìmọ̀ ará ìlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́ náà fi dá a sílẹ̀.

Torí náà, tí ọlọ́pàá bá mú yín, ẹ má rojọ́ níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ketekete pé lọ́yà lẹ fẹ́, kí ẹ sì dákẹ́.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀. Ẹ̀tọ́ tí ẹjọ́ Gideon mú wá ò dé ọ̀dọ̀ adájọ́ ìmígíréṣọ̀n, ìyẹn adájọ́ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti mú lọ́yà lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ò ní bá yín sanwó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ìwé yín ò tíì gún, ẹ máa tọ́jú owó lọ́yà láti ìsinsìnyí.

Èmi ni bàbá yín, akọ̀wé kóòtù àná.