Ẹ Má Ju Lure Tó Wúwo Láìsí Líídà Mọ́

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀ àti ẹja kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ìwé ìròyìn yín àfi tí ọkọ̀ bá dànù lójú omi, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé èyí jáde, torí ó ti ń le.

Ẹni tó bá máa ń wọ bóòtù lọ sí etíkun Tarkwa Bay lópin ọ̀sẹ̀ á ti rí wọn. Lórí òkúta gbọọrọ tí àwọn òyìnbó tò wọnú òkun nígbà ayé wọn kí ọkọ̀ ńlá lè ráyè wọ Apapa, àwọn ọ̀dọ́ ló kún ibẹ̀ báyìí pẹ̀lú ọ̀pá àti ríìlì, wọ́n ń ju lure, ìyẹn ẹja onírin tàbí oníróbà tí wọ́n fi ń tan kútà àti agasa. Inú mi ń dùn tí mo bá rí wọn, iṣẹ́ gidi ni, fàájì gidi ni. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ wọn á mú irin tó tó gíráàmù 100, wọ́n á so ó mọ́ bréèdì, ìyẹn okùn híhun tín-ín-rín, tààrà, kò sí líídà, ìyẹn okùn náílọ́ọ̀nù tó nípọn, láàárín, wọ́n á wá fi gbogbo agbára jù ú pẹ̀lú èrò lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ìṣojú mi ni èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin kan ju tiẹ̀, okùn dún pàù, irin náà ò lọ síwájú mọ́, ẹ̀gbẹ́ ló gbà, ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta méjì ló sì wà lára rẹ̀, ó fò kọjá lókè orí àwọn ọmọdé tó ń wẹ̀ ní ibi tí omi ti rọ̀, ó lọ balẹ̀ sórí yanrìn. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. A wo ẹnu okùn tó kù, ó ká kóró, kò ṣe wùrùwùrù. Okùn tó bá já fúnra rẹ̀, ẹnu rẹ̀ máa ń tú ni, èyí tó bá ká báyẹn, kókó ló yọ̀. Ọmọ náà ní ẹni tó tà á fún òun sọ pé okùn 40lb ni, ìyẹn èyí tó lè gbé ẹrù pọ́n-ùn 40 kó tó já, pé òun ò nílò nǹkan míì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta irinṣẹ́ ẹja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Nítorí gíráàmù 100 tẹ́ ẹ rí lórí ìwọ̀n yẹn kọ́ ni okùn ń gbé. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀pá jù ú, ìfàyọ yẹn á sọ ẹrù náà di ìlọ́po lọ́nà púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bréèdì náà ò sì ń nà bíi náílọ́ọ̀nù, gbogbo ìjà yẹn orí kókó ló ń bọ́ sí. Ara bréèdì tún ń yọ̀, kókó tó máa di náílọ́ọ̀nù mú dáadáa lè yọ́ kúrò lórí bréèdì wẹ́lẹ́. Ká má tíì sọ ti ìka: bréèdì tó bá sá lábẹ́ ìka nígbà téèyàn ń jù á máa ń gé e dé inú ẹran.

Àwọn tó ń ju òjé létí òkun ní ìlú òyìnbó ní òṣùwọ̀n kan tó rọrùn, òun náà ni mo ń tẹ̀ lé: fún áúnsì kọ̀ọ̀kan tí lure bá wúwo, líídà 10lb. Áúnsì kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 28. Tí lure yín bá jẹ́ gíráàmù 85, ó kéré tán 30lb, tó bá jẹ́ 113, 40lb, tó bá jẹ́ 140, 50lb. Ìyẹn fún jíjù nìkan o. Lórí òkúta wa níbẹ̀ tí ìkarahun lẹ̀ mọ́ gbogbo ara rẹ̀, èmi kì í lọ sísàlẹ̀ 60lb. Ẹ jẹ́ kó gùn, kó jẹ́ pé tí lure bá ti rọ̀ sílẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ jù ú, líídà á ṣì yí ríìlì lẹ́ẹ̀marùn-ún ó kéré tán, kó lè jẹ́ òun ni ìka yín ń dì mú.

Kókó tó máa so bréèdì mọ́ líídà wá ni ọ̀gá gbogbo ẹ̀. FG ni wọ́n ń pè é, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ó máa ń gba inú òrùka ọ̀pá kọjá láì kọ́. Ẹ na bréèdì kó le gan-an, ẹ lè fi eyín di ẹnu kan mú. Ẹ wá máa gbé líídà yí i, ẹ gba òkè, ẹ gba abẹ́, ẹ gba òkè, ẹ gba abẹ́, kí bréèdì wé mọ́ líídà bí òwú ṣe ń wé irun lórí obìnrin, ó tó ogún ìgbà, kí ìkọ̀ọ̀kan fara ti èkejì kó má fi àlàfo sílẹ̀. Ẹ fi ẹnu bréèdì ta kókó kékeré kan yí méjèèjì kó má tú. Ẹ tutọ́ sí i, ẹ wá fà á gan-an, ẹ wé aṣọ mọ́ ọwọ́ o. Ẹ ó rí i tí àwọ̀ bréèdì á ṣú, ìgbà yẹn ló ti jẹ wọnú líídà. Tí àwọ̀ rẹ̀ ò bá yí padà, ẹ tú u, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí. Lẹ́yìn náà ẹ ta kókó kéékèèké bíi mẹ́fà sí i lókè àti nísàlẹ̀ yí méjèèjì ká, ẹ gé ìdí líídà mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ tún ta mẹ́ta mẹ́rin sí orí bréèdì nìkan. Ẹ lọ kọ́ ọ nílé lábẹ́ iná, kí ìjì má bá yín níbẹ̀.

Nídìí lure, kókó tí wọ́n ń pè ní uni ti tó, ṣùgbọ́n tí líídà bá nípọn, ẹ má yí i ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, torí kò ní fún mọ́. Ẹ fi itọ́ rin ín kẹ́ ẹ tó fà á, ooru ìfàyọ máa ń ba náílọ́ọ̀nù jẹ́. Tó bá sì jẹ́ kútà lẹ ń wá, eyín rẹ̀ ò mọ líídà, ẹ fi wáyà bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 síwájú lure pẹ̀lú swivel, ìyẹn irin kékeré tó ń yí kí okùn má bàa lọ́, tó bá sì jẹ́ irin kékeré oníhò lẹ fi di wáyà náà tẹ́ ẹ fi pláyà tẹ̀ ẹ́, ẹ má tẹ etí irin náà, àárín ni kẹ́ ẹ tẹ̀, kí irin má gé wáyà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan, ẹ fi èékánná gba ara líídà kọjá, ibi tó bá ti hà, ẹ gé e kúrò.

Lure tó bá já náà kì í parẹ́, orí yanrìn ló ń gbé tòun tìwọ̀, ẹsẹ̀ lásán láìwọ bàtà sì ni àwọn ọmọ ibẹ̀ fi ń sáré.

Ẹ̀yin olóòtú, kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ gbé e jáde kí oṣù December tó wọlé, torí ìgbà yẹn ni èrò máa ń kún etíkun jù. Ẹ sì fún mi láàyè kí n bẹ àwọn ẹ̀gbọ́n tó ti ń pẹja níbẹ̀ tipẹ́: tẹ́ ẹ bá rí ọmọdé kan tó fẹ́ ju irin láìsí líídà, ẹ dá a dúró, ẹ bá a ta kókó náà, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó jù ú.

Apẹja yín kan, láti Èkó.